Bí A Bá Ń Lọ sí Ilé-Ifẹ̀ fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ìwé kan wà nínú àpótí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a ti ń kọ́ni ní Elavagnon. Èdè Faransé ni a fi kọ ọ́, ó sì ń kọ́ àlejò bí yóò ti rìn ní ìlú Paris: bí yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, àsìkò tí èrò kì í pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Notre-Dame, àti bí yóò ti kọ́kọ́ kí ọlọ́jà kí ó tó béèrè iye ọjà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Wọ́n mọ̀ pé ọdún 1163 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìjọ náà, pé iná jó o ní ọdún 2019, àti pé oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni a tún un ṣí. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè, ó ní: “Monsieur, àwọn àgbà ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ti wá. Ìwé wo ni ó ń kọ́ èèyàn bí a ti ń lọ síbẹ̀? Bí a bá sì dé ibẹ̀, ṣé wọn yóò mọ̀ wá?”

A kò rí ìwé fún un. Ìbéèrè kejì sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ìgbà náà, a ti lọ sí Ilé-Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àwa olùkọ́ mẹ́ta nìkan ni a lọ. Ní ìgbà kejì, a kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn. Ohun tí a kọ́ nínú ìrìn-àjò méjèèjì ni a fẹ́ fi lé ẹ̀yin òǹkàwé lọ́wọ́, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ má baà ṣe àṣìṣe tí àwa ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Elavagnon ni olú-ìlú ẹkùn Est-Mono, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Atakpamé. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Ewé yóò gbọ́ “yóò dára” nínú orúkọ ìlú wa. Nínú ọjà wa, ahọ́n tí ó ń sọ Ifẹ̀ àti èyí tí ó ń sọ Kabiyè jọ ń ná ọjà ni, Faransé sì ń bá wọn là á. Àwọn aládùúgbò ń pe àwa Ifẹ̀ ní Ana, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àwọn Faransé. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni a ń pe ara wa, àwọn àgbà sì ń sọ pé ìrántí ilé ni orúkọ náà. Láàárín ilé yẹn àti àwa, ààlà méjì ni ó wà. Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣàkóso níhìn-ín, Faransé sì tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣàkóso lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí ìrìn-àjò náà fi gba ìmúrasílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ni a ń pè é.

Kí a tó gbéra

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ tí àwa ń pè ní CEDEAO, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ ilẹ̀ èkejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 90. Ẹ̀tọ́ yìí kò wí pé kí a má mú ìwé dání. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí ó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà náà sínú àpò mìíràn.

Bí ẹ bá ń kó ọmọdé lọ, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí wọn, kí ẹ sì gba ti ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ ní èdè Faransé àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A rí i pé èyí tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó tètè tú wa sílẹ̀ nígbà tí a kọjá Sèmè.

Ní ti àsìkò, láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀ jù ní ìhà ibẹ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń fẹ́, ojú ọ̀nà a sì gbẹ. Àwọn kan yóò fẹ́ lọ ní àkókò ọdún Ọlọ́jọ́, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, nígbà tí Ọọ̀ni máa ń dé adé Ààrẹ tí kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ọdún ńlá ni, ó sì yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìlú, tí kò sì ní ẹni tí yóò gbà á sílé, kò ní rí nǹkan kan bí kò ṣe ẹ̀yìn orí àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ lọ ní ọjọ́ lásán ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí ẹ fi Ọlọ́jọ́ pamọ́ de ìgbà kejì.

Ohun kékeré méjì tún wà tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Àkọ́kọ́, ihò iná mànàmáná wọn kì í ṣe irú tiwa: tiwa ní ihò róbótó méjì bíi ti ilẹ̀ Faransé, tiwọn ní ihò mẹ́ta onígun bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ra ohun tí ń so méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Lomé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù yín yóò kú ní ọjọ́ kejì. Èkejì, aago wọn fi wákàtí kan síwájú tiwa. Gbàrà tí ẹ bá ti wọ Bẹ̀nẹ̀ ní Hilla-Condji ni aago ti yí padà; bákan náà ni ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò pẹ́ níbi gbogbo ni.

Ojú ọ̀nà

Láti Elavagnon, ẹ ó kọ́kọ́ bọ́ sí Atakpamé, kí ẹ tó gba ọ̀nà ńlá lọ sí Lomé, nǹkan bíi kìlómítà 160. Láti Lomé sí Cotonou tó kìlómítà 150. Láti Cotonou sí Èkó tó 120, láti Èkó sí Ìbàdàn tó 130, Ifẹ̀ sì tún lé ní 80 sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò ní ọjọ́ kan tó. Kò tó. Ẹ yan ọjọ́ mẹ́ta fún lílọ, kí ẹ má sì rìn lóru. Ẹ sùn ní Cotonou tàbí ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé Faransé ń pè ní Porto-Novo, kí ẹ lè kọjá Sèmè ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bí ẹ bá dé Èkó ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹrù àti ọmọdé, tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó sùn, ẹ ti ra wàhálà lówó gọbọi. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà náà dé, nítorí bí ọ̀nà ti rí lánàá kọ́ ni ó máa ń rí lónìí.

Ní ààlà, àwọn tí ń ṣẹ́ owó yóò yí yín ká. Ẹ ti mọ iye tí sẹ́fà kan jẹ́ ní náírà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ ka owó náà fúnra yín kí ẹ tó fi tiyín sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kán yín lójú ni kí ẹ sá fún. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba tí yóò gbé yín dé Ìbàdàn.

Láàárín Sèmè àti Àgbádárìgì, a óò dá ọkọ̀ yín dúró léraléra. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ kí ẹ̀ṣọ́ náà, ẹ fi ìwé yín hàn án, ẹ má sì fi ìwé lé ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní ọ̀hún bíi tiwa. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n yí i padà ní oṣù Kẹrin ọdún 1972.

Ibi tí àwa ń pè ní gare, gáréèjì tàbí páàkì ni wọ́n ń pè é. Alùpùpù tí àwa ń pè ní zémidjan, ọ̀kadà ni tiwọn. Ní Èkó, ẹ béèrè ọkọ̀ tí ó ń lọ tààrà sí Ifẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wọ èyí tí ó ń lọ sí Ìbàdàn, kí ẹ sì béèrè ọkọ̀ Ifẹ̀ ní gáréèjì Iwo Road. Ẹ dúnàá-dúrà kí ẹ tó gbé ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ má ṣe é lẹ́yìn náà.

Èdè àti ìkíni

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ojú ń tì láti sọ Ifẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà. Àwọn kan a máa sọ Faransé, àwọn kan a máa dákẹ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Èdè Ifẹ̀ tí à ń sọ ní Est-Mono àti ní Atakpamé kì í ṣe Yorùbá tí ó bàjẹ́. Ẹ̀ka igi kan náà ni, tí ó hù sí ìhà mìíràn. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yóò rí i pé wọ́n gbọ́ ju bí a ti rò lọ. Kódà, Ifẹ̀ tí àwọn àgbà ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú Yorùbá inú ìwé ìròyìn àti ti rédíò. Àwọn náà ní ẹnu ilé tiwọn.

Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Òyìnbó ni kò bára mu. Faransé ni àwa yá tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yá tiwọn. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ Faransé ni. Àkọtọ́ náà yàtọ̀: ibi tí àwa ti ń kọ ɛ àti ɔ, wọ́n ń fi àmì sí abẹ́ ẹ àti ọ. Ohùn kan náà ni.

Ìkíni ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ má ṣe sọ “o” fún ẹni tí ó jù yín lọ, “ẹ” ni. Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó béèrè ọ̀nà, ẹ sì fún un láyè kí ó dáhùn. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí a bá tẹ orí ba fún àgbà, ó tó. Ní ọ̀dọ̀ wọn, pàápàá ní àyíká ààfin, ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀, obìnrin a máa kúnlẹ̀. Ẹ ṣí fìlà, ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bú ọmọ wa kan nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹni tí kò gbìyànjú rárá ni wọ́n ń wò.

Àṣìṣe tiwa

Ní ìgbà àkọ́kọ́, àwa mẹ́ta dé Ẹnuwá, ìta gbangba iwájú ààfin, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Àyà wa ń lù kìkì. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sábẹ́ ibòji. A kí i, a sì sọ gbólóhùn tí a ti ń múra rẹ̀ láti Atakpamé wá: “Bàbá, Ifẹ̀ ni wá. A ti dé.” Bàbá wò wá, ó ní: “Ẹ káàbọ̀ o. Ifẹ̀ ibo?” A ní ti Tógò. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Ó béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí a wá. A kò wá ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ká sọ òótọ́, ó dùn wá. Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta, ìtàn tí a ti ń gbọ́ láti kékeré, ìbéèrè kan ṣoṣo sì gbé e mì. Nítorí pé ó dùn wá, a ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ fi hàn pé ilé òun ni. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ojúbọ kan ní àdúgbò, ọ̀kan nínú wa yọ fóònù, ó ya àwòrán láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá kan ké mọ́ wa láti ìta. Ènìyàn pé jọ. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀bẹ̀, a pa àwòrán náà rẹ́ lójú wọn. Bàbá tí a bá pàdé ní Ẹnuwá ni ó bá wa bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ó ní: “Ẹ ní ọmọ ilé ni yín. Ọmọ ilé náà a máa béèrè.”

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, kò fi ríran. A ti ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ yẹn ni ó tó yé wa. A kò fi ojú wa ríran nítorí pé a rò pé a kì í ṣe àlejò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa tí ó wúwo jù nìyí: bí ẹ tilẹ̀ gbà pé ọmọ ibẹ̀ ni yín, ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò mú yín rìn, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán ènìyàn, ojúbọ tàbí ààfin. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Àwọn igbó kan wà tí àlejò kì í wọ̀, àwọn mìíràn wà tí obìnrin tàbí ọkùnrin kì í wọ̀. Ìbáà jẹ́ Kristẹni ni yín tàbí Mùsùlùmí, ẹ má ṣe yẹ̀yẹ́ ohun tí ẹ kò gbàgbọ́ ní ojú àwọn tí ó gbà á gbọ́. Ẹ kò ní sọ̀rọ̀ sókè nínú Notre-Dame. Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ ó wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ béèrè owó ìwọlé àti àkókò ṣíṣí ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Bí ẹ bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀, ojú tí ẹ ó fi wo ìlú yóò yàtọ̀. Ẹ bi olùtọ́jú ilé náà pé èwo ni ojúlówó, èwo ni àwòkọ, nítorí pé ohun tí a wú ní Ifẹ̀ ti fọ́n ká. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ náà wà ní British Museum ní London láti ọdún 1939.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1910, nígbà tí Jámánì ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa ní Tógò, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí amọ̀, ó sì rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní Olókun. Ó fẹ́ kó wọn lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì mú un kí ó dá nǹkan padà. Iṣẹ́ náà dára lójú rẹ̀ débi pé kò gbà pé ènìyàn dúdú ni ó ṣe é. Ó ní ìran àwọn ará Atlantis ni, ìlú tí ìtàn Gíríìkì sọ pé ó rì sínú òkun. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, kan ọ̀pọ̀ orí idẹ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún rí òmíràn ní Ìta Yemòó, Frank Willett sì wá wa ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Lónìí, kò sí onímọ̀ tí ó ń dárúkọ Atlantis mọ́. Ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ ni ó ṣe é, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tí wọ́n ń to òkúta Notre-Dame ní Paris ni Ifẹ̀ náà ń rọ idẹ. Nígbà tí a sọ èyí fún àwọn ọmọ wa níwájú àwọn orí náà, ọ̀kan nínú wọn ní kí a tún un sọ.

Láti ibẹ̀, ẹ rìn lọ síbi Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Òkúta ni, ó ga ju mítà 5 lọ, a sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Ìtàn ìlú sọ pé ti Ọ̀rányàn jagunjagun ni, ẹni tí ó tẹ Ọ̀yọ́ dó. Ẹ má gun un, ẹ má sì fi ẹ̀yìn tì í. Ẹ wo ère Mọ́remí, tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 13, tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì, Ọ̀jájá Kejì, ṣí ní ọdún 2016. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń mú yín rìn sọ ìtàn obìnrin náà fún yín, bí ó ti jẹ́ kí ọ̀tá mú òun lẹ́rú kí ó lè mọ àṣírí wọn, àti ohun tí ó san fún un.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé kí a fi ilẹ̀ aláfọ́kù ìkòkò hàn yín. Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà náà a máa to àfọ́kù ìkòkò ní òòró sínú ilẹ̀, bí ẹni tẹ́ ẹní, láti fi ṣe ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Wọ́n ní Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwo, ni ó pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ọmọ Kabiyè kan wà nínú àwọn tí a kó lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ láti Lomé pé kí ni ó ń wá ní ilé onílé. Ibi àfọ́kù yìí ni a ti sọ fún wọn pé àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ti rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Kabiyè, ní àríwá Tógò wa níhìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ tán. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó wo àfọ́kù náà pẹ́.

Bí ọjọ́ bá ṣẹ́kù, ẹ lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ọdún 1962, tí a sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè ní ọdún 1987. Kí àwọn ọ̀dọ́ rí i pé Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú àtijọ́ nìkan. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń kàwé níbẹ̀ lónìí.

Oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan: fùfú. Ní ọ̀dọ̀ wa, iṣu tí a gún ni fùfú. Ní Nàìjíríà, ẹ̀gẹ́ tí ó ti kan ni fùfú. Ẹni tí ó bá pè é bíi ti ilé yóò rí ohun tí kò retí nínú àwo. Iyán ni kí ẹ pè. Àwa tí a ń gbin iṣu ní Est-Mono kì í rọrùn láti tẹ́ lọ́rùn ní ti iyán, ṣùgbọ́n a jẹ tiwọn, a gbà fún wọn. Ẹ béèrè bí ata ti pọ̀ tó, kí ẹ sì mu omi tí a dì sínú ike.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìlú méjì tí ilé wọn wọnú ara wọn, ìjà ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997 jà títí di ọdún 2000, ẹ̀mí sì ṣòfò púpọ̀. Ẹ lè bá ẹni tí ó pàdánù ènìyàn rẹ̀ jókòó nínú ọkọ̀ kan náà. Ẹ má béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ẹ gbọ́, kí ẹ dákẹ́.

Ìbéèrè ọmọ náà

Ní ìgbà kejì, a ṣe gbogbo ohun tí a kò ṣe ní ìgbà àkọ́kọ́. A kọ lẹ́tà, a ní ẹni tí ó mú wa rìn, a kí, a dúró. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ wa jókòó nídìí ìyá kan tí ń ta ọsàn, wọ́n ń bá ara wọn sọ Ifẹ̀ ti ilé. Ìyá náà tẹ́tí. Ó ní kí wọ́n ka iye ọsàn inú abọ́ fún òun ní èdè wọn. Wọ́n kà á. Ó ka tirẹ̀ tẹ̀lé e. Púpọ̀ bára mu, díẹ̀ kò bára mu. Níbi tí kò ti bára mu, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó fún wọn ní èènì ọsàn méjì, ó ní: “Ẹ ní ibo ni wọ́n ń pè ní ìlú yín?” Ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè ọjọ́ sí nínú kíláàsì ni ó dá a lóhùn. Ìyá náà pè é tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mejì, E-la-va-gnon, títí ó fi mọ̀ ọ́n pè.

Nítorí náà, ọmọ wa, ìdáhùn rẹ nìyí. Wọn kò mọ̀ wá. Ìran ti gorí ìran, ààlà sì ti wà láàárín. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ wá, àwa ni a óò lọ sọ fún wọn, pẹ̀lú ìkíni àti sùúrù, kì í ṣe pẹ̀lú àṣẹ.

Kí ẹ tó padà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ àdúgbò bí wọ́n ti ń pè é. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà wa, kí ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì gbọ́ tiwọn. Àwa olùkọ́ mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré kan, ní Ifẹ̀ àti ní Faransé. Ó ti wà nínú àpótí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Paris. Ojú ewé púpọ̀ ṣì ṣófo níbẹ̀ fún ẹni tí yóò lọ lẹ́yìn wa. Ọ̀nà yóò là o.